Ọrùn Ìyàwó Onífọ́tò

Nínú gbogbo onífọ́tò tó wà ní Adó-Èkìtì, Akínlẹ́yẹ nìkan ni àwọn ológẹ̀gẹ̀ ń wá láti Ìgèdè. Bí obìnrin bá gbé gẹ̀gẹ̀ wọ ilé fọ́tò rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, kò ní bá a nínú fọ́tò. Akínlẹ́yẹ á gbé fíìmù sójú ìmọ́lẹ̀, á fi ṣóńṣó bíléèdì ha gẹ̀gẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, á wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà ọrùn méjì síbẹ̀. Obìnrin tó fi ìtìjú wọlé á jáde bí olorì.

Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ kò tíì dé. Wọn kò rí wàhálà ará ilé o. Ìyá Akínlẹ́yẹ tó wà ní Ìyìn fẹ́ràn ìyàwó yìí ju ọmọ tó bí lọ, kì í sì í fi pamọ́ fún ọmọ náà. Àwọn méjèèjì gan-an ni ọmọ ń wù, débi pé bí wọ́n bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọdé, kálukú á wo òdìkejì kí èkejì má baà rí ojú òun.

Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, Akínlẹ́yẹ máa ń ya Mosúnmọ́lá ní fọ́tò, á sì gbé e kọ́ ògiri. Mẹ́fà ti wà níbẹ̀. Ohun tó sì fi ń yangàn jù níbẹ̀ ni ọrùn, nítorí ọrùn náà ń kún sí i lọ́dọọdún, ó sì dá a lójú pé iyán òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ìbítóyè, obìnrin tó ń tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn, ti fún Mosúnmọ́lá ní oògùn tó ń jí ẹyin obìnrin fún oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni nǹkan oṣù dé, tó sì dé bí odò tó kún. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní fún un ní oògùn náà ju oṣù mẹ́fà lọ. Bí méjì tó kù bá tún já sófo, òun kò ní òmíràn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, dókítà wá ya fọ́tò tí yóò lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Oòrùn ń ta gan-an. Mosúnmọ́lá wà nídìí tábìlì pẹ̀lú súwẹ́tà lára àti ìborùn lọ́rùn, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ká má purọ́, ó ti sùn lé wọn lórí.

Akínlẹ́yẹ kò tíì to iná tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ó nawọ́ sí ògiri, láti ọdún kìíní dé ìkẹfà: kí dókítà wo ibi tí òun ti bá ọrùn yìí, kí ó sì wo ibi tí òun gbé e dé. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó sọ gbogbo wọn kalẹ̀, kí ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì. Inú Akínlẹ́yẹ dùn. Ó rò pé ó fẹ́ rà.

Dókítà jí Mosúnmọ́lá, ó ń bi í léèrè, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń dáhùn. Ṣé òtútù máa ń mú un? Ara rẹ̀ tutù bíi tọmọ gidi ni. Ṣé oorun ń kùn ún? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nílé ọkọ ni. Ṣé ohùn rẹ̀ wúwo sí i? Ohùn àwọn ìyálóde ló ní báyìí. Ṣé ìgbẹ́ kì í há a? Ibẹ̀ ni Akínlẹ́yẹ dákẹ́, nítorí kò rí bí ó ṣe fẹ́ sọ ìyẹn di oríkì.

Dókítà tú ìborùn, ó fọwọ́ kan ọrùn, ó ní kí ó gbé itọ́ mì. Ohun kan gòkè níbẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

“Ọ̀gá fọ́tò,” ó ní, “gẹ̀gẹ̀ ni.”

Akínlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí. Òun tí òun ti ha gẹ̀gẹ̀ ìlú mẹ́ta dànù? Ó gbé fọ́tò kẹfà sójú ìmọ́lẹ̀ kí ó lè fi han dókítà pé kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá bíléèdì kí ó tó mọ ohun tí ojú ń rí. Ẹ̀rín já. Ó jókòó.

“Ẹ̀bi tèmi náà ni,” dókítà wí. “Ilé ọmọ ni mo tẹjú mọ́, n kò gbójú sókè dé ọrùn.” Ó ṣàlàyé pé ẹran kékeré kan wà lọ́rùn ènìyàn tó ń jí gbogbo ara, òun ló wú di gẹ̀gẹ̀. Bí ó bá ti ń tòògbé, ẹyin náà á sùn, oògùn ọmọ á kàn máa kan ilẹ̀kùn lásán. Kí wọ́n tọ́jú ọrùn ná. Ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí ọmọ o. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, èsì dé, ó sì gba ti dókítà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba oògùn ọrùn bọ̀, Mosúnmọ́lá dúró lójú ọ̀nà.

“Ọrùn tí ẹ ń fi yangàn yìí yóò lọ. Bí ó bá lọ, tí ọmọ ò sì wá ńkọ́?”

Akínlẹ́yẹ gba àpò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ lo máa ṣẹ́ kù fún mi, Mosún. Mo ti ń wá ẹni tí yóò máa bá mi jà láti ọdún mẹ́ta, oorun ni mò ń bá nílé.”

Àràárọ̀ ni Mosúnmọ́lá ń lo oògùn náà kí ó tó jẹun. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ọrùn ti fà, súwẹ́tà ti wọ àpótí, ìjà sì dé. Mosúnmọ́lá ní àga oníbàárà burẹ́wà, ó ní ẹ̀fẹ̀ ọkọ òun kò yí padà láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Akínlẹ́yẹ sáré pe aládùúgbò kí wọ́n wá gbọ́ bí ìyàwó òun ṣe ń bú òun.

Wọ́n lo oògùn ọmọ oṣù karùn-ún. Nǹkan oṣù dé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ó wá ku ẹyọ kan.

Èyí tó kù yìí, wọ́n lò ó, ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, nǹkan kan kò dé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Oyún ni. Ó ní kí ó má fi oògùn ọrùn sílẹ̀ o, òun tilẹ̀ máa fi kún un, nítorí ọmọ náà yóò máa gbà nínú tìyá rẹ̀.

Mosúnmọ́lá dúpẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró. Akínlẹ́yẹ ti to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sílẹ̀ láti ilé. Ó gbàgbé gbogbo rẹ̀, ó jáde lọ sí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún, ó jókòó sáàárín wọn, ó bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án sún fún un.

“Ẹ rọra, bọ̀dá. Tiyín ti tó oṣù mélòó?”

“Ẹ fi sílẹ̀, mà,” Mosúnmọ́lá wí, ó sì ń fi etí ìró nu ojú ọkọ rẹ̀. “Ọdún mẹ́fà ló ti wà níkùn rẹ̀.”