Bọ́ọ̀dù Tó Ń Ta Sánsán Bíi Búrẹ́dì

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀tún pé ta ni Mùíz Oníná. Ewúrẹ́ gan-an á fi ìwo júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún yín. Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe. Èyí tó ti kú fọ́dún mẹ́ta, tí wọ́n ti ṣe fìdáù ẹ̀ tán, tí mo bá ké sí i lẹ́ẹ̀kan péré, á dáhùn. Mi ò kàwé o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ kejì tí wọ́n mú mi lọ sílé ìwé ni mo ti fo fẹ́ǹsì, títí dòní wọn ò tíì rí mi mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà síwájú mi, kẹ́ ẹ wá wo bí iná ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tán, àǹtí kan já wọ ṣọ́ọ̀bù mi bíi pé ajá ń lé e. Ó gbá láptọ́ọ̀pù mọ́yà bí ọmọ tuntun. Fàdìlàt lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Egan nilé wọn.

"Ẹ̀yin ni Mùíz Oníná?"

"Èmi náà ni, àǹtí. Ẹ fọwọ́ kàn mí wò, kì í ṣe fọ́tò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó tàn án. Háà! Ìlà pupa, ìlà àwọ̀ ewé, ìlà àlùkò, gbogbo ojú ẹ̀ rí pálapàla bíi pé àwọn ọmọdé jà níbẹ̀.

"Ṣíìpù tó ń gbé àwòrán jáde ló ń ṣàìsàn," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Injiníà mẹ́ta ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáná fún un, wọ́n ń fi ooru jí i. Á jí, á lo ọ̀sẹ̀ kan, á tún kú."

Ó wá sọ tẹnu ẹ̀. Àwòrán tó ń rìn ló máa ń yà, irú èyí táwọn ọmọdé ń wò. Ó ti fi ọdún méjì ya ti ìgbín kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà. Iléeṣẹ́ kan ní Ẹgbẹ́dá ń wá ẹni tó máa bá wọn ya irú ẹ̀. Èèyàn ogójì ló bẹ̀rẹ̀, ó ku òun àti ẹnì kan ṣoṣo. Aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pè é, wọ́n ní kó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá, kó fọwọ́ ara ẹ̀ mú ìgbín yẹn rìn lójú àwọn.

"Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni, kò lè gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, èyí nìkan ni mo ní."

Ibi tá a bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá Sàlàkọ́ yọrí láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ̀gbọ́n ni lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé sáítífíkéètì mẹ́ta kọ́ ara ògiri, ó máa ń nu gíláàsì wọn láràárọ̀ ju bó ṣe ń nu bàtà ẹ̀ lọ. Òun náà wà lára àwọn mẹ́ta tó dáná.

"Mùíz, má dààmú ọmọ ọlọ́mọ. Dáná fún un fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á gbé e dé Ẹgbẹ́dá."

"Bọ̀ọ̀dá, tó bá wá kú lójú wọn ńkọ́?"

"Tó bá kú, á gbé e padà wá. A ó tún dáná."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí láìnì wa nìyẹn o, kí n má parọ́, èmi náà ti ṣe é rí. Ooru yẹn dà bí omi gbígbóná tí wọ́n dà sára ẹni tó ń sùn: á fò dìde lóòótọ́, àmọ́ àìsàn inú ẹ̀ ò kúrò. Inú ikùn ṣíìpù náà gan-an ni àléébù wà, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ti gbé e wá.

Mo tú láptọ́ọ̀pù. Bí mo ṣe gbé bọ́ọ̀dù jáde, òórùn kan gbá mi nímú.

"Àǹtí, kí ló ń rùn bíi búrẹ́dì?"

Ó bojú. "Injiníà kẹta ni, tó wà ní Ìpájà. Ó ní búlówà òun ti bàjẹ́, ló bá gbé e wọ inú ààrò oníbúrẹ́dì."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Sàlàkọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ẹgbẹ́ kan náà làwọn jọ wà, ló bá ń wúkọ́.

"Kò sí dídáná mọ́," mo là á mọ́lẹ̀. "Pípààrọ̀ ni màá pààrọ̀ ẹ̀. Kó tó di aago kan, ìgbín á ti máa fọn fèrè."

Mo tan búlówà, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, mo yọ ṣíìpù àìsàn yẹn kúrò wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n yọ eyín ọmọdé. Mo wá mú òmíràn nínú agolo mi. Ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà, àmì kékeré etí ẹ̀ wà níbi tó yẹ. Àǹtí Fàdìlàt ń fi iná fóònù ràn mí lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ yìí?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé ó dáa."

Ó wò mí. Ó fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, ó fà á kó tóbi, ó tún ya ti èyí tí mo yọ. Ojú ẹ̀ wá ń le bọ̀.

"Mùíz, ohun tó wà lára èyí ló wà lára temi. Lẹ́tà kan náà, méjìlá kan náà. O fẹ́ lé olè jáde, kó o wá fi ìbejì ẹ̀ ṣọ́ ilé!"

Mo gbé ṣíìpù yẹn sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́: èyí tí wọ́n kọ méjìlá sí, ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn, gbogbo wọn ló jẹrà, èyí tí wọ́n kọ mẹ́rìnlá sí, wọ́n ti tún un ṣe. Mo mọ owó, mo mọ nọ́ńbà fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣíìpù, lẹ́tà àti nọ́ńbà ti pò mọ́ra wọn bí àdàlú, wọ́n sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mi ò mọ èwo ni ẹ̀wà, mi ò mọ èwo ni àgbàdo. Ojú ni mo fi ń mú un, mo wá ń pariwo pé mo mọ̀ ọ́n.

Èyí tó burú jù ni pé mo ti yọ tàkọ́kọ́. Ojú ibẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ dáná gan-an ò rí nǹkan dáná fún mọ́.

"O ti pa mí," ni Fàdìlàt wí. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Àǹtí, ẹ mọ̀wé, èmi mọ bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ ká lọ. Igando ló kù, níbi tí wọ́n ń ta òkú bọ́ọ̀dù."

A fò sórí ọ̀kadà kan ṣoṣo, àwa méjèèjì. Mo ní kí ọlọ́kadà sáré, àfi bíi pé ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni taya ẹ̀ kanlẹ̀ láti Ìkọ̀tún dé Igando, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Jibril ló ń ra òkú bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn Solous. Òkìtì tó kó jọ síwájú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó kù díẹ̀ kí bàálù kọsẹ̀ lára ẹ̀.

"Jibril, mo fẹ́ rí gbogbo bọ́ọ̀dù ẹ."

"Gbogbo ẹ̀ ló ń wò ẹ́ yẹn."

Èmi ń ṣà á, mò ń na èyí tí ṣíìpù ẹ̀ jọ tiwa sí Fàdìlàt. Òun ń kà á. Aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Ẹgbẹ́dá ló wọ̀ o, híjáàbù funfun báláú, ó sì kúnlẹ̀ sínú ìdọ̀tí.

"Èyí ńkọ́?"

"Méjìlá. Jù ú nù!"

"Èyí?"

"Méjìlá!"

"Ẹ tún un wò, àǹtí, ẹ fojú àánú wò ó."

"Mùíz, mo ní méjìlá ni!"

A wo ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ó dáa, ogún lé díẹ̀. Jibril gan-an ti gbàgbé oníbàárà ẹ̀, ó ń bá wa hú u. Lójijì Fàdìlàt lọgun, ẹyẹ gbogbo orí ààtàn fò.

"Mẹ́rìnlá! Mẹ́rìnlá ni! Wallahi mẹ́rìnlá ni!"

Aago kan ààbọ̀ la padà dé. Mo yọ ṣíìpù yẹn lára òkú bọ́ọ̀dù, mo nu ìdí ẹ̀, mo to hóró òjé tuntun, èyí tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré ju ọkà bàbà lọ. Mo gbé e lé ojú ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru sí i. Òjé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, ṣíìpù ń jókòó bọ̀ ni... wọ́n mú iná lọ.

Búlówà dákẹ́. Tó bá tutù láàárín méjì báyìí, tí mo wá tún un gbóná, ó lè bẹ́. Ẹ gbọ́, èmi Mùíz Oníná ò ní iná!

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ògiri: gàà, gàà, gàààà! Bọ̀ọ̀dá Sàlàkọ́ ló já wọlé, wáyà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn gba ojú wíńdò fà á ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ..."

"Pa ẹnu dé, fẹ́ná!"

Mo fẹ́ná. Bọ̀ọ̀dá di wáyà mú nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mi ò dì í mú dáadáa. Fàdìlàt ń ka àyàtùl-kúrísì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rí i tí ṣíìpù gbọ̀n díẹ̀, ó jókòó. Mo jẹ́ kó tutù, mo dè é padà, mo ní kí Fàdìlàt fọwọ́ ara ẹ̀ tàn án.

Ojú ẹ̀ dúdú. Ó dúdú. Ó wá mọ́ gbòò, kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀, ìgbín sì yọ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àṣíborí lórí ìkarahun! Igbe tá a ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú. Bọ̀ọ̀dá Sàlàkọ́ ń fò, ó gbàgbé pé ó di wáyà mú.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀yin ẹ sọ, ṣé mo lè jẹ́ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dá lọ? Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta la gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá obìnrin kan jókòó pẹ̀lú ọkùnrin méjì, inú yàrá yẹn móoru bí ilé ìdáná. Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí láptọ́ọ̀pù ń mí. Mo sáré ya páálí bísíkíìtì kan lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mò ń fẹ́ ẹ.

"Ta lẹni yìí?" ọ̀gá bi í.

"Injiníà mi ni, mà."

Injiníà! Mo fẹ́ ẹ débi pé híjáàbù Fàdìlàt ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó mú ìgbín rìn, ó mú un gun ọ̀kadà, ó mú un já sínú kòtò. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún mú un já. Ó tún mú un já. Ó ní kó sunkún, ìgbín sunkún. Wọ́n ní ká bọ́ síta. Ẹni kejì wọlé, ó jáde. Ìgbà tí wọ́n pè wá padà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré lọ̀gá sọ: "Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, Fàdìlàt."

Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń pe ìyá ẹ̀. "Màámi, wọ́n gbà mí! Wọ́n gbà mí o!" Ó ṣàlàyé, ó ní injiníà òun ló wà níbí. Mo gba fóònù.

"Ẹ kú oríire, mà. Èmi ni Mùíz Oníná. Ẹ jókòó dáadáa, mà, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Ẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀dù la wò..."

Fàdìlàt ń fà mí láṣọ, ó ní ogún ni. Mo yí ẹ̀yìn sí i. Bọ́ọ̀dù ẹgbẹ̀rún méjì ni mo kà á dé kí kírédíìtì tó tán.