Mojírọ́lá Kò Fún Mi Jẹ

Òjò ń rọ̀ ní ìlú Delft, mi ò sì gbọ́ ìró rẹ̀ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó ń bọ́ sínú odò tóóró tí àwọn ará Holland gbẹ́ sáàárín ìgboro wọn, omi náà ò sì mì. Kẹ̀kẹ́ kún ara afárá, kò sí ẹni tó ni wọ́n. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn, èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tún wá fì ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tí èmi àti Mojírọ́lá jọ lọ wò ó.

Mojírọ́lá ló dúró lábẹ́ rẹ̀ yẹn, nínú aṣọ òjò pupa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ní Ìkìrun ni. Ó ti kú láti ìgbà ọyẹ́, Holland náà ni wọ́n sin ín sí. Mo mọ̀ pé ó ti kú, síbẹ̀ inú mi dùn débi pé mo pariwo.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ibo lo wà látọjọ́ yìí?"

"Má pariwo," ó ní. "Wọ́n ń sùn."

Mi ò bi í pé àwọn wo.

Ó fi síkáàfù rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó, bó ṣe ṣe nígbà tí mo lọ kí i, nígbà tó wà láyé. Òjò pa wá lọ́jọ́ náà títí a fi ń gbọ̀n. Mo ní ilé ìṣọ́ yẹn ti mutí yó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ra pọ̀tétò díndín tí wọ́n dì sínú ìwé, ó sì fi èyí àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu. Mojírọ́lá kì í dá jẹun. Láti ìgbà tá a ti ń jẹ ẹ̀pà lọ́nà iléèwé, èmi ló máa ń kọ́kọ́ fún.

Ó tún mú pọ̀tétò náà dání báyìí, ooru ń yọ lórí ẹ̀. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ nílé, oúnjẹ ò kọjá ọ̀fun mi mọ́, dókítà pàápàá ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo na ọwọ́. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹ.

"Mojí, fún mi níbẹ̀."

"Rárá."

"Ẹyọ kan péré, jọ̀ọ́."

Ó gbá mi lọ́wọ́. Ó dùn mí wọra.

"Ṣé torí pé mi ò wá síbi ìsìnkú ẹ ni? Físà tí wọn ò fún mi, ṣé èmi ni mo fi du ara mi ni?"

Kíákíá ló ń jẹ ẹ́, bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Nígbà tó tán, ó da ojú ìwé náà bolẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n kí n lè rí i pé kò ku nǹkan kan. Omijé wà lójú ẹ̀.

"Tìrẹ wà nílé," ó ní. "Dìde, Àwẹ̀ró. Òjò ti pa ọ́ jù."

Mo wo ara mi, omi ń kán tótó. Mo wo òun, aṣọ òjò rẹ̀ gbẹ.

Bí mo ṣe lajú nìyẹn, ọ̀sán gangan. Aṣọ mi rin fún òógùn, ara mi sì ti tutù. Ọlápéjú, ọmọ mi, wà létí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ẹni tí mo rí fún un. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Màámi, ṣé ẹ jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa."

"Kò fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́, kò fún mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun o, Àǹtí Mojí."

Ìgbà yẹn ni omijé tó bọ́ lójú mi. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún mi, mi ò sunkún. Mo ń sọ fún ara mi pé òkè òkun ló wà, pé ó máa pè. Ṣùgbọ́n Mojírọ́lá tó wà láàyè ò lè jẹun níṣojú mi kó má fún mi. Ó ti kú. Háà, ó ti kú lóòótọ́.

Ọlápéjú gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni.