Igi Kéékèèké Inú Àpótí

Ọwọ́ ọ̀tún télọ̀ ń bí i nínú bí ọmọ aláìgbọràn. Láti ìgbà tí àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti dá a wó, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọwọ́ náà tún lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, àpótí ni wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú apá á gbé e kalẹ̀ síwájú télọ̀, pákó kan pín inú rẹ̀ sí méjì. Télọ̀ á máa mú igi kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sọdá pákó, títí ìṣẹ́jú kan á fi pé. Iye tó bá sọdá ni máàkì.

"Bàbá Ìbejì, bí máàkì yín ò bá lọ sókè, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yín ti sú àwọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ló bá ní kí káfíńtà àdúgbò kan irú àpótí náà fún wọn. Láàárọ̀, lálẹ́, igi ni télọ̀ ń kó.

"Ṣé igi lẹ fẹ́ máa tà ni?" Káfíńtà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Fi mí sílẹ̀ o jàre. Ìdánwò ni mò ń múra fún."

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ ń já fáfá. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kú oríire! Ọwọ́ yín ti kúrò ní èyí tí à ń tọ́jú. Ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́. Àwọn tó ń dúró níta pọ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu télọ̀. "Mi ò tíì lè de bọ́tìnnì ara mi."

"Máàkì yín ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo ti ń fi irú rẹ̀ dánra wò nílé ni! Igi yìí nìkan lọwọ́ mi mọ̀. Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́, kí ẹ wá wò ó."

"Abẹ́rẹ́ ò sí nínú ìdánwò, sà." Ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú láti fi yẹ èjìká rẹ̀ wò. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

"Ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n kan àpótí."

"Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Èmi ni mo yege."

Nílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó na òwú sójú abẹ́rẹ́, òwú kọ̀, kò wọlé. Ó fi ìbínú gbá àpótí káfíńtà dànù, igi fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, wàrà-wàrà.