Ẹni Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Má Níyàwó

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ejẹ́ńtì kọ́kọ́ wọ kíláàsì ni Tíṣà ti ń fojú tín-ín-rín wò ó. Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ni Tíṣà ń kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, nínú yàrá kan lókè ilé àwọn alágbàfọ̀, níbi tí òórùn ọṣẹ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Á ti rẹ àwọn yòókù tẹnutẹnu kí wọ́n tó dé. Awakọ̀ á máa yán, nọ́ọ̀sì á ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Ejẹ́ńtì nìkan ló ń wọlé bí ẹni tí wọ́n pè wá gba ẹ̀bùn, lọ́fíńdà rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ jókòó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ènìyàn wá ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa háyà, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ.

Ẹ̀kọ́ ò wọ̀ ọ́ lára títí di ọjọ́ tí Tíṣà kọ "almost", "nearly", "quite", "fairly", "practically" àti "hardly" sójú pátákó. Ó ṣàlàyé pé wọ́n fi ń díwọ̀n nǹkan ni: òmíràn fi hàn pé nǹkan kù díẹ̀ kó pé, òmíràn pé ó dé ìwọ̀n àyè kan, òmíràn pé agbára káká ló fi wà. Ojú Ejẹ́ńtì là kedere.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ní ilé kan 'quite near' ibùdókọ̀, tí oníbàárà wá rìn títí tí bàtà rẹ̀ fi já, ṣé mo parọ́?"

"Ẹ ò parọ́ o," Tíṣà dáhùn. "Ẹ kàn ń bá irọ́ ṣeré ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ejẹ́ńtì náà rín in, ó tiẹ̀ rín in ju gbogbo wọn lọ.

Bó ṣe di aláṣejù nìyẹn. Àjà tó ń jò bí asẹ́, ó ní ó "hardly" ń jò. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kan ti gbà tán, ó ní ó "fairly" fẹ̀. Tíṣà á gbọ́, á sì pòṣé. Kò mọ̀ nígbà náà pé àbúrò òun, tó ń ṣe irun fáwọn obìnrin, wà lára àwọn tí Ejẹ́ńtì ń bá wá ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa gbọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí mi, mo ti rí ọkọ," ni àbúrò wí, ó ń tú irun Tíṣà lọ́wọ́.

Nígbà tó dárúkọ ẹni náà, Tíṣà fa orí yọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Elẹ́nu dídùn inú kíláàsì mi yẹn? Ṣé kò níyàwó nílé ni?"

"Mo bi í. Ó ní òun 'practically' ń dá gbé ni."

"O gbọ́ 'practically', o sì lọ sùn?"

"Ẹ̀yin náà ti pọ̀ jù, Àǹtí. Bíírò pupa lẹ fi ń wo gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ Sunday ló ń bọ̀ wá kí Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yẹ̀yẹ́ ẹ."

Bàbá wọn, jórinjórin tó ti fẹ̀yìn tì, ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ìkíni lọ. Ejẹ́ńtì dé pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ eérú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jókòó. Bàbá jẹ́ kó mu tíì dé ìdajì ife kó tó bi í.

"Ọmọ mi, ṣé o níyàwó nílé?"

Ejẹ́ńtì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Hardly, sà."

Bàbá yíjú sí Tíṣà. "Kí ló wí?"

"Ó ní agbára káká lòun fi níyàwó, Bàbá."

"Agbára káká kẹ̀? Ṣé ara ìyàwó ò yá ni?"

"Ara ẹ̀ le, sà," Ejẹ́ńtì yára fèsì. "Ohun tí mò ń sọ ni pé a ti 'almost' kọ ara wa."

"Ó ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n kọ ara wọn," Tíṣà túmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ ọn.

"Ìyàwó ńkọ́? Ṣó mọ̀ pé ó kù díẹ̀?"

"Ó 'nearly' mọ̀, sà."

"Kò mọ̀, Bàbá."

"Níbo ló ń gbé?"

"Ilé mi ni, sà. Ṣùgbọ́n yàrá wa 'fairly' jìnnà síra."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èwo ni? Èdè tí ìyá ẹ fi pè ọ́ jẹun ni kó o fi dá mi lóhùn."

Ẹnu tó ń bá aráyé wá ilé tó ń jò sá sínú ife tíì. Tíṣà ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín kó tó rí ojú àbúrò rẹ̀. Àbúrò ò wo ẹnikẹ́ni. Ife ọwọ́ ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?" ó béèrè wẹ́rẹ́.

"Méjì," ni Ejẹ́ńtì wí. Kò fi nǹkan kan bù mọ́ ọn.

Àbúrò dìde, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú tíì tó kù nínú rẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Títí dé ẹnu ọ̀nà ni Ejẹ́ńtì ń sọ pé òun ò "quite" yé wọn. Bàbá tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Nínú kíṣíìnì, àbúrò ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún òun. Tíṣà tọ̀ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ rẹpẹtẹ.

"Àǹtí, ẹ má sọ ọ́."

Tíṣà gbé e mì. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń nu abọ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

Ó pẹ́ kí àbúrò tó tún bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí kì í ṣe Ejẹ́ńtì nìkan ló ń bí i nínú. Bí ìtumọ̀ náà ṣe dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó, ó rí i. Ó padà gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ ejẹ́ńtì mìíràn, obìnrin kan tó ń jẹ gọ́ọ̀mù, tó sọ fún un tààrà pé eku wà níbẹ̀. Ejẹ́ńtì tiwa ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì òdìkejì ìlú. Wọ́n ní olùkọ́ ibẹ̀ ń yìn ín pé akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni. Tíṣà gbọ́, ó yínmú, ó ní kí nọ́ọ̀sì máa ka ìlà tó kàn.