Ìdérí Ẹ́ńjìnì

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Dáhùnsí nígbà tó rí ọkọ̀ búlúù Morádéún, oníbàárà rẹ̀, tó yà sí ọ̀dọ̀ Ejiroghene. Ọdún mẹ́fà gbáko lòun fi ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù òun ní Àmùkókò yìí náà ni Ejiroghene ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, kó tó lọ gba ààyè tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Láti ọdún kan sẹ́yìn ni àwọn oníbàárà ti ń sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó o. Ó wí bẹ́ẹ̀ sínú, ó sì sọdá.

Ejiroghene ń rọ ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì náà ń ṣàn bí omi. Inú Dáhùnsí dùn. Ọwọ́ òun ti ba àṣìṣe ọmọ yìí lónìí.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ Wharf o," ó kí Morádéún, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. "Ọ́ìlì tó ṣàn báyìí, nínú oòrùn Èkó? Èyí tó ki ni mo máa ń rọ síbẹ̀. Eléyìí á ba ẹ́ńjìnì yín jẹ́."

"Èyí tó ki yẹn ló wà níbẹ̀ tó fi ń pariwo láràárọ̀," Morádéún dáhùn. "Ẹ ní ẹ́ńjìnì ti gbó, kí n lọ wá òmíì."

Ejiroghene ò jiyàn. Ó na ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà irú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì náà ń lò sórí rẹ̀ gbàgàdà: 5W-20. Dáhùnsí mọ ìdérí náà. Ìgbà tó ti ṣí i kò lóǹkà.

"Èyí tó ṣàn ni wọ́n ṣe é fún," Ejiroghene rọra sọ. "Tó bá ki jù, kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnì láàárọ̀."

"Ta ló kọ́ ẹ?" Morádéún béèrè.

"Ọ̀gá mi yìí náà ni. Wọ́n ní kí n máa ka ohun tó bá wà lára mọ́tò kí n tó fọwọ́ kàn án."

Morádéún rẹ́rìn-ín sí Dáhùnsí. "Ẹ fẹ́ dán an wò ni, àbí?"

Dáhùnsí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun ò sọ fún un rí láyé òun pé kó máa ka nǹkan kan lára mọ́tò. Ó mọ̀, Ejiroghene náà sì mọ̀.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tó wà nílẹ̀. Ó yọ ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ó fi àtàǹpàkò ha ìdọ̀tí orí rẹ̀. Ọdún kan lòun fi jókòó níbí, tí òun ń ka ọkọ̀ tó ń yà sí òdìkejì. Nọ́ńbà yọ lábẹ́ ìdọ̀tí náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á.