Ihò Méjì Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni káàdì tó ń gbé àwòrán wá sójú kọ̀ǹpútà mi jóná. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ náà tó ṣú. Aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá iléèwé kan fẹ́ rí àwòrán tábìlì kíláàsì mẹ́fà. Káfíńtà ni ọkọ mi. Èmi ni mò ń ya ohun tó máa kàn, kí oníbàárà lè rí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi yé mi ni.

Oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìlagi gé ọkọ mi ní ìka méjì. Láti ìgbà náà, a ò ríṣẹ́ gidi. Ó ti wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ náà, aago márùn-ún lonítọ̀hún sì ń bọ̀ wá gbé e. Bí iṣẹ́ iléèwé bá jẹ́ tiwa, ẹ̀rọ ò ní lọ. Bí kò bá jẹ́ tiwa, ọkọ mi á di ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ru pákó.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ẹnudùn là ń pè é, òun náà sì mọ̀.

"Ìyàwó káfíńtà, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ fajú ro báyìí, ṣé ìjà lẹ bá wá ni?"

"Káàdì mi jóná. Èló ni òmíràn?"

Ó dá iye kan lé e. Mo rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ sunkún níwájú ẹ̀. Owó ọwọ́ mi ò tó ìdajì.

"Ó dáa, ẹ fi káàdì sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ purosẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yẹn fúnra ẹ̀." Ó gbé páálí kékeré méjì sórí káńtà. "Iye kan náà ni wọ́n, kò tó ìdajì owó káàdì, méjèèjì ló sì máa wọ bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà yín. Èyí, orí mẹ́jọ ló fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fò! Mànàmáná ni, ìjì ni..."

"Fi ìjì sílẹ̀. Ṣé ó lè gbé àwòrán jáde láìsí káàdì?"

Ó họ orí. "Kò lè ṣe é. Èyí kejì ló ní tiẹ̀ nínú. Àmọ́ orí mẹ́rin péré ni, kò sì yá tó yẹn."

"Kí ni mo fẹ́ fi orí mẹ́jọ tí kò lójú ṣe?" Mo sanwó, mo mú olórí mẹ́rin. Kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

"Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ rántí pé..."

"Ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù." Mo ti dé títì.

Mo tú fáànù, mo nu ìpara ooru tó ti gbẹ lábẹ́ ẹ̀, mo yọ purosẹ́sọ̀ àtijọ́, mo rọra gbé tuntun sáyè ẹ̀, mo fi ìpara tuntun sí i, mo sì dá fáànù padà. Mo tan án. Fáànù ń yí, àmọ́ ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Mo tú u, mo tò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta. Aago kan lù. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

"Ìyá wọn, ṣé kí ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ máa bọ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má bi mí."

Mo pe Ẹnudùn. "Olè! Òkú lo tà fún mi!"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Wáyà ojú ẹ̀, ihò wo lẹ..."

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó di aago méjì, mo gbé kọ̀ǹpútà náà tòun ti ojú ẹ̀ àti wáyà mọ́yà bí ọmọ tí ibà ń ṣe, mo gbé e lọ bá a. Mo jù ú sórí káńtà, gbìì. Àwọn oníbàárà ń wò mí. Ẹnudùn tan ẹ̀rọ. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí mi, ó sì fìka tọ́ka. Inú ihò káàdì tó jóná ni mo ki wáyà bọ̀, níbi tí mo ti ń kì í bọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ihò mìíràn wà lókè, lára bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, tí ìdérí ike ṣì bò. Ó yọ ìdérí, ó ki wáyà bọ ibẹ̀. Ojú ẹ̀rọ là.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ nìyẹn," ló wí, ohùn ẹ̀ wálẹ̀.

"Má bínú. Ṣé o lè yá mi ní àga?"

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń yà á. Tí mo bá yí tábìlì kan kí n rí ẹ̀yìn ẹ̀, àwòrán á dúró, á rò ó, kó tó tẹ̀ lé mi. Kó lè yá, mo yọ àwọ̀, mo yọ òjìji, mo fi ìlà àti ìwọ̀n nìkan sílẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo fi í ránṣẹ́.

Ọ̀gá iléèwé pè. "Tiyín ò láwọ̀ kankan. Ti àwọn káfíńtà yòókù ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ ìwọ̀n ẹ̀ pé."

"Mo rí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ bí orúnkún ọmọ ṣe ga tó síbẹ̀." Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "Ẹ ṣe kíláàsì méjì. Mo ti fún ẹlòmíràn ní mẹ́rin tó kù."

Mo pe ọkọ mi. "Méjì nínú mẹ́fà."

"Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ti dé, kò dúró de aago márùn-ún. Ó ti ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀rọ." Mo gbọ́ èémí ẹ̀. "Ṣé méjì tó?"

"Mi ò mọ̀, Dádì. Òun la rí."

Mo tẹ fóònù mọ́tí. Irin kan bọ́ lulẹ̀. Ohùn àjèjì kan ń bínú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ sípánà, àti ohùn ọkọ mi: "Rárá, ọ̀tún. Yí i sí ọ̀tún, kó le padà."