Ẹfun Lára Ọ̀pẹ Méjìlélógójì

Èmi ni mo fi ẹfun sí àwọn ọ̀pẹ náà lára. Kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Ọdún kẹrin òmìnira ni. Òyìnbó Faransé kan, Mùsíyè Raphaël, wá gba ilé sí Sakété, ó ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ìró oòrùn àti ìràwọ̀. Ó ní wọ́n ń ró bíi rédíò tí kò rí ìlú kankan mú. Etí ńlá kan ṣoṣo tó lè gbọ́ ọ kò ṣeé kọ́, nítorí náà òun yóò to etí kéékèèké mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sórí ìlà kan, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kìlómítà kan àti ààbọ̀, wáyà yóò sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí etí kan. Etí kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwọ̀n irin lórí òpó. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Towé, níbi tí ọ̀pẹ wà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀ dúdú tó lọ sọ́dọ̀ àwọn Ohori.

Iṣẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kíkọ́. Iṣẹ́ ìwé ni: kí a ya bí yóò ṣe rí, kí a wọn ilẹ̀, kí a ṣírò iye tí yóò ná wọn, kí a fi ránṣẹ́ sí Paris. Ìwé iye owó yẹn ni wọ́n ń pè ní dèfí. Wọ́n gbà mí nítorí pé mo mọ ìṣirò. N kò lọ sí iléèwé kankan. Ìwé àwọn àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi kọ́ ara mi, mo sì ti fi ọdún mẹ́fà ka odi ẹyìn fún àwọn tó ń rà á ní Pobè.

Ìjọba fi ọkùnrin Porto-Novo kan, Firmin, tẹ̀ lé òyìnbó láti máa bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dán jù ú lọ. Ó kó àwọn ènìyàn jọ ní Towé, ó ní Dahomey yóò gbọ́ ohun tí ọ̀run ń sọ kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bi í lójú gbogbo wọn pé ọjọ́ wo ni wọn yóò san owó ọ̀pẹ tí ìlà náà bá gbà kọjá.

Ó ní, "Màdáàmù, gbogbo ayé ń wo ìràwọ̀, ọ̀pẹ lẹ̀yin ń wò."

Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Kò dá ọjọ́ kankan.

Bàbá Fáṣínà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ní ọ̀pẹ méjìlélógójì lórí ìlà náà. Kò ní oko mìíràn. Ẹgbẹ̀rún fránkì ni mo kọ sí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan nínú dèfí.

Ọ̀dà pupa la fi ń sàmì sí ọ̀pẹ tí a bá ti kà, kí a má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà tán kí a tó dé oko Bàbá. Ìrìn àtilọ àtibọ̀ sí Sakété kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà ṣòfò. Mo ní kí Jádesọ́lá, ìyàwó Bàbá, fún mi ní ẹfun. Mo fà á yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, mo kọ iye wọn sílẹ̀, mo lọ.

Àwọn tó ń se sódábì lágbègbè wa, bí wọ́n bá ra ọ̀pẹ lọ́wọ́ olóko, ẹfun ni wọ́n ń fà yí ìdí rẹ̀. Bí ẹfun bá ti yí igi ká, igi náà ti di títà. Wọn yóò wó o, wọn yóò dá ẹmu lára rẹ̀, wọn yóò se ẹmu náà di ọtí. Ọmọdé mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni ojú mi wà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá ti wó gbogbo ọ̀pẹ náà sílẹ̀. Iná ń jó nídìí àgbá, ọtí ń kán sínú ìgò. Inú Bàbá dùn. Ó ní òyìnbó ti ra igi, òyìnbó kì í sì í mu ẹmu, kí ló dé tí ẹ̀rọ wọn yóò fi wá tẹ ẹmu rere mọ́lẹ̀?

Mo ní, "Bàbá, mo kàn kà wọ́n ni. N kò rà wọ́n."

Ó wo igi tó sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ẹfun tó yí i ká. Ó ní, "Ta ló wá fi ẹfun sí i?"

Mo sọ fún un pé iye rẹ̀ wà nínú dèfí, pé bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ wọn yóò san án. Ó bi mí pé bí kò bá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́. Mo ṣí ìwé mi, mo fi ibi tí mo kọ iye náà sí hàn án.

Ó ní, "Nígbà náà, rí i pé ó bẹ̀rẹ̀."

Mo padà sí Sakété láti da dèfí kọ ní mímọ́. Mílíọ̀nù méjìlélógún fránkì ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni Mùsíyè Raphaël wọn ilẹ̀ dúdú, nígbà tó le bí òkúta. Kò tíì rí i nínú òjò. Bí òjò bá wọ ilẹ̀ yẹn, á wú, á sì gbé ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sán débi pé àdá lè wọ inú rẹ̀ tán. Àwọn etí náà sì gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí ọ̀kan bá yẹ̀ ní ìbú àtàǹpàkò, ohun tí gbogbo wọn gbọ́ ti dàrú.

Mo rí i, mo sì dà á kọ bó ṣe wà, kí owó má baà pọ̀, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń bú àwọn elẹ́nu dídùn, mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kí dèfí tó kúrò ní Sakété. Wọ́n ti ri òpó kan mọ́ ilẹ̀ dúdú fún ìdánwò. Nígbà tí a dé ìdí rẹ̀, ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí. Firmin ní àwọn lébìrà ni kò rì í dáadáa. Èmi ni òyìnbó yíjú sí.

"Victorine, ṣé bí ilẹ̀ yìí ṣe máa ń ṣe nìyí?"

Mo rántí Bàbá. Mo rántí ẹfun.

Mo ní, "Lọ́dọọdún ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ilẹ̀ dúdú. Àwọn tó gbẹ́ kànga níbí ní ó tó mítà márùn-ún."

Kì í ṣe ìwà rere ló mú mi sọ ọ́. Ó bi mí, mo sì mọ̀ ọ́n. N kò mọ bí a ṣe ń mọ nǹkan kí a ní a ò mọ̀ ọ́n.

Òpó méjìdínlógójì ló bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú. Mo tún un ṣírò: irin, sìmẹ́ńtì, òkúta tí ọkọ̀ kámíọ̀ yóò kó, ọwọ́ àwọn tí yóò gbẹ́ ẹ. Mílíọ̀nù méjìlélógún di mọ́kànléláàádọ́ta. Firmin ní kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́; bí iṣẹ́ bá ti dé ìdajì, Paris yóò fi owó kún un, wọn ò ní fi irin sílẹ̀ nínú oko. Mùsíyè Raphaël kọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fẹ́ kí Firmin borí.

Télégíráàmù dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Owó ti pọ̀ jù. Wọn kò kọ́ ọ mọ́. Owó ọ̀pẹ wà lábẹ́ owó kíkọ́, nítorí náà kò sí owó ọ̀pẹ. Owó tiwa tí a wọn ilẹ̀ tí a sì kọ̀wé wà lábẹ́ owó ìwé, wọ́n sì san án pé. Firmin gba tirẹ̀. Èmi náà gba tèmi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Bàbá. Ó bi mí pé owó kí ni. Mo ní owó iṣẹ́ mi ni.

"Iṣẹ́ wo?"

"Kíkà."

Ó ní, "O kà á, o gba owó kíkà. Owó ọ̀pẹ ni mo ń retí." Ó dìde, ó wọlé. Jádesọ́lá ló mú owó náà, ó dì í sétí aṣọ rẹ̀. Kò dúpẹ́.

Sódábì tí wọ́n sè lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ti tán tipẹ́. Bàbá ń bá àwọn olóko gé ẹyìn ní Takon báyìí, lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Òpó ìdánwò ṣì wà nínú ilẹ̀ dúdú, wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Èmi ti padà sídìí iṣẹ́ mi ní Pobè. Nígbà mìíràn Bàbá máa ń bá wọn kó odi ẹyìn wá, orúkọ olóko mìíràn ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó máa ń dáhùn. Èédú ni mo fi ń sàmì báyìí. Yóò dúró tì mí, yóò máa wo ọwọ́ mi títí n ó fi kà á tán.